Ta Ni Ó Ni Imú?

Bí ọmọbìnrin kan tí ó lọ kàwé ní òkèèrè bá padà sí Ìlobù nígbà ìsinmi, tí òrùka wúrà tín-ín-rín ń kọ mànà ní ihò imú rẹ̀, kì í pẹ́ kí ìyá àgbà tó fi ọwọ́ lérí pé, "Háà! Ọmọ mi, ta ni ó lù ọ́ nímú bíi màlúù?" Ọmọ a sì kúnlẹ̀ dáhùn pé, "Ẹ má bínú, ìyá àgbà, ara mi ni, ó sì wù mí." Nínú gbólóhùn méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ mi wà, nítorí kì í ṣe ihò gan-an ni wọ́n ń bá ara wọn fà, bí kò ṣe ẹni tí ó ni imú.

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé Yorùbá kì í fi irin kan ara. Láti kékeré ni a ti ń lu etí ọmọbìnrin kí yẹtí lè rí ibi gbé. Ìlẹ̀kẹ̀ la sì ń so mọ́ ìdí rẹ̀, débi tí a fi ń pòwe pé ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Olóólà, ọmọ Ògún, a kọ àbàjà, pélé, gọ̀ǹbọ́ tàbí kẹ́kẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ jòjòló, Samuel Johnson sì to irú àwọn ilà bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ní Ìlobù yìí kan náà, níbi tí a ti ń bọ Erinlẹ̀, ọdẹ tí ìtàn sọ pé ó wọ ilẹ̀ lọ tí ó sì di odò tí ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun, ta ni kò mọ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti ẹ̀gbà ọwọ́ ni a fi ń dá olórìṣà mọ̀? Ilà ń bá ìdílé sọ̀rọ̀, ẹ̀gbà ń bá òrìṣà sọ̀rọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ń bá ọkọ sọ̀rọ̀. Ohun tí ó ń ba ìyá àgbà lẹ́rù ni pé kò mọ ẹni tí òrùka imú ń bá sọ̀rọ̀.

Àwọn ẹlẹ́sìn náà ní tiwọn. Onígbàgbọ́ a ní tẹ́ńpìlì Ọlọ́run ni ara. Mùsùlùmí a rántí Súrà kẹrin, ẹsẹ 119, níbi tí Èṣù ti lérí pé òun yóò mú kí ènìyàn máa yí ìṣẹ̀dá Ọlọ́run padà. Olórìṣà a ní Ọbàtálá ni ó ṣojú tí ó ṣemú, ta ni yóò tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe? Ṣùgbọ́n olóólà ti ń tún iṣẹ́ Ọbàtálá ṣe láti ayébáyé, ẹnikẹ́ni kò sì pè é ní ọ̀daràn. Nínú Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní 1884, ìwé Jẹ́nẹ́sísì orí 24 sọ pé ìránṣẹ́ Ábúráhámù fi òrùka sí Rèbékà nímú, ìtìjú kò sì sí níbẹ̀. Àwọn obìnrin Kànúrí àti Ṣúwà ní Bọ̀rnó ń lu imú tiwọn, ọmọlúàbí ni wọ́n láàrín àwọn ènìyàn wọn. Báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Síbẹ̀, kí á kíyè sí i: Rèbékà kọ́ ni ó ra òrùka fún ara rẹ̀; ẹ̀bùn ni, ẹni tí ó wá ìyàwó ni ó mú un wá.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọjọ́ tí abẹ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá àgbà, ẹkún ni ó fi dáhùn, a kò sì ka ẹkún náà sí ọ̀rọ̀. Lónìí, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, ní ẹ̀ka 24, ti ka ilà kíkọ sí ara ọmọdé léèwọ̀. Irin tí ó wà lọ́wọ́ ìdílé ti bọ́ sí ọwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀; bí ó bá sì yọ òrùka rẹ̀, ihò náà lè dí, nígbà tí àbàjà ń bá ẹni wọ sàréè.

Ṣé "ara mi ni" wá parí ọ̀rọ̀? Rárá. Imú sún mọ́ ojú gan-an, síbẹ̀ bí kò bá sí dígí, ẹlòmíràn ni yóò rí i dáadáa ju ẹni tí ó ni ín lọ. Ẹni tí ó fi ohun ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀ ti pe ojú ayé wá, kò sì yẹ kí ó bínú bí ayé bá bi í léèrè. Ṣùgbọ́n ìka tí ó tọ́ sí imú ni à ń fi ro imú, a kò sì tíì rí ẹni tí ń fi ìka ẹlòmíràn ro tirẹ̀. Nítorí náà, dípò "ta ni ó lù ọ́?", ì bá dára kí ìyá àgbà bi ọmọ pé, "Kí ni ó ń sọ?", kí ó sì jókòó gbọ́ ìdáhùn. Bóyá bí ọmọ bá ti ń rò ó fún un ni ọwọ́ ìyá yóò lọ sí etí ara rẹ̀, sí ihò tí yẹtí ọ̀pọ̀ ọdún ti fà gùn, tí kò sì lè rántí ẹni tí ó lù ú.