Kí Ni A Ó Sọ Nígbà Tí Obìnrin Bá Lọ?

Nígbàkúùgbà tí a bá sìnkú ìyá kan nínú ìjọ wa níhìn-ín ní Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ kì í yàtọ̀. A ó gbọ́ iye ilé tí ó kọ́, iye ọmọ tí ó rán lọ sí òkè òkun, àti irú aṣọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi bá a ṣe ìnáwó. Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ohun tí ó yẹ kí a fi rántí ènìyàn nìyẹn?

Ní Sókótó, ìlú tí púpọ̀ nínú wa ti ná ọjà rẹ̀, obìnrin kan wà tí ó ti dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́. Nana Asma'u ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ṣéhù Usman dan Fodio. A bí i ní 1793, ìbejì ni òun àti Hassan arákùnrin rẹ̀. Ó sì kú ní 1864. Ó ń kọ̀wé ní èdè Lárúbáwá, Fúlàní àti Haúsá, iṣẹ́ rẹ̀ tí ó kù títí di òní sì lé ní 60. Gidado ọkọ rẹ̀ ni Waziri Sókótó. Ẹni tí ó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ lè jókòó sínú ilé kí ó máa kàwé fún ìgbádùn ara rẹ̀.

Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 1830 ó kó àwọn obìnrin jọ sínú ẹgbẹ́ tí à ń pè ní 'Yan Taru. Àwọn obìnrin tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, tí oyè wọn ń jẹ́ jaji, ni ó fi ṣe olórí. Ó fún wọn ní malfa, akẹtẹ̀ tí a fi koríko hun, pẹ̀lú aṣọ pupa tí wọ́n ń wé mọ́ ọn. Àwọn ni wọ́n ń kó àwọn ìyá tí ó ti kọjá ọmọ bíbí àti àwọn ọmọdébìnrin wá láti abúlé. Ewì ni ìwé ẹ̀kọ́ wọn. Wọ́n á kọ́ ọ sórí, wọ́n á sì padà lọ kọ́ àwọn abiyamọ tí kò lè rìnrìn àjò. (Kí àwa tí à ń wí pé àìsí yàrá ni kò jẹ́ kí a kọ́ àwọn ìyá wa ní ìwé kíkà rò ó wò.)

Bí àwọn obìnrin wọ̀nyí ti ń kú, Asma'u ń kọ ewì ìdárò fún wọn. Ó kọ fún Hauwa, ẹni tí ó ti ń kó àwọn obìnrin wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kọ fún Zahra: ó ń kọ́ àwọn tí kò mọ̀, bí wọ́n bá pè é síbi ìrọbí, a lọ, bí wọ́n bá pè é síbi òkú, a lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ewì náà kà, kì í ṣe ọrọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Luku ṣe fún Dorka ní Joppa. Kò sọ ohun ìní rẹ̀ fún wa. Àwọn opó ni ó fi hàn wá, tí wọ́n dúró ti Peteru, tí wọ́n ń sọkún, tí wọ́n sì ń fi aṣọ tí ó dá hàn án.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé Mùsùlùmí ni obìnrin yìí, àti pé lábẹ́ ìjọba tí àwọn ẹbí rẹ̀ dá sílẹ̀ ni Ìlọrin bọ́ sí, tí Ọ̀yọ́ Ilé sì di ahoro ní nǹkan bí 1835. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a lè gbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n kó ènìyàn púpọ̀ lẹ́rú, Asma'u fúnra rẹ̀ sì kọ ewì tí ó yin ìṣẹ́gun. Àní ẹ̀kọ́ tí ó fi fún àwọn obìnrin ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ́gun jẹ́ inúrere, ó sì tún jẹ́ ọ̀nà láti sọ wọ́n di ará ìjọba tuntun. A kò ní fi èyí pamọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó dìde lóru láti lọ gba ẹbí ọmọnìkejì rẹ̀ ṣe rere, ìbáà jẹ́ ẹnikẹ́ni ni ó kọ́ ọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ ní Òkè Ọya ń jẹ́ orúkọ Nana Asma'u lónìí. Ní ti Zahra, ewì yẹn ni àwa fi mọ̀ ọ́n. Irú rẹ̀ wà láàárín wa, wọ́n ń tajà ní ọ̀sán, wọ́n ń bẹ aláìsàn wò ní alẹ́. A bẹ àwọn olórí ẹgbẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tí wọ́n ṣe, kí wọ́n sì fi lé akọ̀wé ìjọ lọ́wọ́, nígbà tí ojú wọn ṣì lè rí i.