Ìdáhùn Ta Ni Ó Wà Nínú Ìwé Ọmọ Wa?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tí kò ní ọmọ wẹ́wẹ́ nílé mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ó dá lórí ìwé iṣẹ́ tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi àti ọmọ kíláàsì kìíní ń gbé wálé, èyí tí wọ́n ń pè ní wọ́kìbúùkù. Wọ́n ti tẹ ìṣirò àròpọ̀ àti àyọkúrò sínú rẹ̀, wọ́n ya àpótí kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ yóò sì kọ ìdáhùn sínú àpótí náà. Ìbéèrè wa nìyí: bí ọmọ kò bá mọ ìdáhùn, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fún un, tàbí kí ó tilẹ̀ gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó bá a kọ ọ́?

Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé, "Kí ló burú níbẹ̀? Ọmọ mi ni. Bí n kò bá ràn án lọ́wọ́, ta ni yóò ràn án lọ́wọ́?" Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù yẹ̀ ẹ́ wò.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni kórìíra ìwé yìí. Nígbà tí àwa wà ní kíláàsì kìíní, síléètì ni a ń lò. Bí olùkọ́ bá ti máàkì rẹ̀ tán, a ó nù ún kúrò, kò sì sí ohun tí a ó fi han ìyá wa nílé. Wọ́kìbúùkù jẹ́ kí òbí rí ohun tí ilé ìwé ń kọ́ ọmọ. Ó to iṣẹ́ náà láti orí èyí tí ó rọrùn dé orí èyí tí ó le. Ó sì ń ran olùkọ́ tí ọmọ pọ̀ ní kíláàsì rẹ̀ lọ́wọ́. Ìwé náà kò ṣẹ̀ wá. Ohun tí à ń fi ìwé náà ṣe ni kí a wò.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ìwé ní kí ọmọ yọ 3 kúrò nínú 8. Ọmọ kọ 6. Ìyá rí i pé kò tọ̀nà, ó fi rọ́bà pa á rẹ́, ó ní, "Kọ 5." Ọmọ kọ 5. Ní ọjọ́ kejì olùkọ́ fi bírò pupa máàkì í pé ó gbà á, inú gbogbo ènìyàn sì dùn. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ náà ṣe dé orí 6? Kì í ṣe pé ó kàn dárúkọ iye tí ó wá sí i lẹ́nu. Ó ń ka iye padà sẹ́yìn ni. Ó ní, "Mẹ́jọ, méje, mẹ́fà," ó rí i pé òun ti ka ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó sì dúró. Ó ka mẹ́jọ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ àwọn tí ó ń yọ kúrò. Bí a bá ní kí ọmọ kan náà ro 5 pọ̀ mọ́ 3, yóò ní, "Márùn-ún, mẹ́fà, méje," yóò sì kọ 7 dípò 8. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni ó bí ìdáhùn méjèèjì.

Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, bí ó bá rí 6 yìí àti 7 yìí, yóò mọ ibi tí bàtà ti ń ta ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Yóò kó òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́jọ sílẹ̀, yóò ní kí ọmọ mú mẹ́ta kúrò, kí ó ka èyí tí ó kù. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá fi rọ́bà pa 6 rẹ́ ti pa ẹ̀rí rẹ́. Ó dà bí ẹni tí ó nu ooru ara kúrò lójú ọmọ kí nọ́ọ̀sì tó fọwọ́ kàn án, tí ó sì ní kò sí ibà. Ọmọ náà yóò gbé àṣìṣe rẹ̀ lọ sí kíláàsì kejì, yóò gbé e lọ sí ìkẹta, àwọn ènìyàn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé orí rẹ̀ kò gba ìṣirò. Orí rẹ̀ gbà á. A ni a kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ibi tí ó ti ṣìnà.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ọmọ ń kọ́ nígbà tí ó bá jókòó ti ìwé yìí. Èkíní ni iye. Èkejì ni ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ṣe nígbà tí kò bá mọ nǹkan. Ẹ̀kọ́ kejì yìí ni yóò bá a dàgbà. Ìṣirò wà lára ibi àkọ́kọ́ tí ọmọ ti ń rí i pé òtítọ́ kì í ṣe ojúṣàájú. Ìbáà jẹ́ ọmọ olówó, ìbáà jẹ́ ọmọ ẹni tí ń ta ẹ̀fọ́, bí a bá yọ 3 kúrò nínú 8, 5 ni yóò kù. A kò lè bẹ̀ ẹ́, a kò lè fún un ní rìbá, a kò sì lè bínú sí i kí ó yí padà. Ẹ̀kọ́ iyebíye ni èyí fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá bá bá a kọ ìdáhùn, ọmọ yóò gbọ́ nǹkan mìíràn. Yóò gbọ́ pé máàkì ni ó ṣe pàtàkì, ìmọ̀ kò ṣe pàtàkì, àti pé bí ènìyàn kò bá mọ nǹkan, kí ó wá ẹni tí yóò bá a bò ó mọ́lẹ̀.

Gbogbo wa ni a ń kígbe lónìí pé àwọn ọ̀dọ́ ń ra ìdáhùn ìdánwò, pé àwọn òbí sì ń san owó sí ibi tí wọ́n ń pè ní ibùdó ìdánwò ìyanu. A kò sọ pé gbogbo ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá kọ 5 sínú ìwé ni yóò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ náà lè jẹ́ ọjọ́ tí ọmọ wa ń ka owó ní ilé ìtajà ẹlòmíràn, tàbí ọjọ́ tí ó ń wọn oògùn fún aláìsàn.

Ṣùgbọ́n a gbọ́ ohùn ìyá kan tí ń sọ pé, "Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì ni ẹ lè máa sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti ọjà dé ní aago méje alẹ́, wọ́n ti mú iná lọ, ọmọ ń tòògbé, ojú ìwé mẹ́rin sì ni olùkọ́ ní kí ó ṣe. Bí kò bá ṣe é, wọn yóò nà án. Ṣé kí n wá máa wo ẹkún ọmọ mi ni?" Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìyá náà ń ṣàánú ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà méjì péré ni ó wà, pé kí a bá a kọ ọ́ tàbí kí a fi í sílẹ̀ fún ẹgba. Jẹ́ kí ó ṣe èyí tí ó lè ṣe. Èyí tí kò mọ̀, kí ó fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Kí ìyá kọ ọ̀rọ̀ kan sí ìsàlẹ̀ ìwé náà pé, "Èyí kò tíì yé e." Àpótí òfìfo kì í purọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà láàárín wa, apá tiyín nìyí. Bí a bá ń na ọmọ nítorí àpótí òfìfo, àwa ni a ń lé ìyá rẹ̀ sídìí irọ́. Àwọn ilé ìwé kan wà tí wọ́n fẹ́ kí gbogbo ojú ìwé kún, kí gbogbo ìdáhùn sì tọ̀nà, nítorí pé wọn yóò fi ìwé náà han òbí ní ìparí táàmù. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́, ọjà ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ilé àti ilé ìwé ní láti fọwọ́ sowọ́ pọ̀, kí ọmọ lè sọ pé "N kò mọ̀ ọ́n" láìbẹ̀rù.

Ẹlòmíràn yóò ní òun kò kàwé, òun kò sì mọ bí òun yóò ṣe ran ọmọ lọ́wọ́ láìsọ ìdáhùn. Ìyá wa, ẹ mọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ. Ẹ gbọ́ bí a ti ń ka iye ní èdè wa. Mẹ́tàlá ni mẹ́ta tí ó lé lórí ẹ̀wá. Mẹ́tàdínlógún ni ogún tí a yọ mẹ́ta kúrò nínú rẹ̀. Àádọ́ta ni ọgọ́ta tí ó dín ẹ̀wá. Àròpọ̀ àti àyọkúrò ti wà lẹ́nu àwọn ìyá ńlá wa kí ẹnikẹ́ni tó tẹ wọ́kìbúùkù. Ẹ wo ọpọ́n ayò pẹ̀lú: ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹni tí ó bá ń ta ayò ń ṣe ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ṣe aṣáájú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ wọn, ìṣirò pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn láàárín ẹgbẹ́ wọn.

Nítorí náà, ẹ ti ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ìgbà díẹ̀. Ẹ kó ẹ̀wà mẹ́jọ sórí tábìlì, tàbí ìdérí ìgò, tàbí ẹyọ ìgbálẹ̀. Kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú mẹ́ta kúrò. Kí ó ka èyí tí ó kù. Lẹ́yìn náà kí ó kọ ohun tí ó rí. Bí ó bá ṣe ojú ìwé kan tán, ẹ bi í ní àròpọ̀ kan, kí ẹ bi í ní àyọkúrò kan, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń wo àmì òkè ojú ìwé nìkan, tí ó sì ń ṣe ìyókù bí aláfarawé. Bí ó bá sọ ohun tí kò tọ̀nà, ẹ má ṣe tètè ní "Rárá." Ẹ bi í pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Ìbéèrè yìí ṣe iyebíye ju ìdáhùn ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí òun ni yóò fi inú ọmọ hàn wá.

Ìrànlọ́wọ́ tòótọ́ ni èyí tí ó fi agbára kún ti ọmọ. Èyí tí ó gba iṣẹ́ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó ti wù kí ìfẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀ tó, ó ń jà á lólè ni. 6 tí ó ti inú ọmọ wá sàn ju 5 tí ó ti inú wa wá lọ, nítorí a lè tọ́ 6 sọ́nà, ṣùgbọ́n 5 yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Kí Ọlọ́run fún wa ní sùúrù tí a ó fi jókòó ti àwọn ọmọ wa, kí ó sì fún wa ní ìgboyà láti jẹ́ kí àpótí kan ṣófo títí ọmọ yóò fi lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún un.