Bí Ajá Alájá Bá Já, Tí Ó Sì Padà, Ṣé Ó Yẹ Kí A Sọ?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ ajá ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ gbé e yẹ̀ wò, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ tiwa gan-an ni. Ìbéèrè náà nìyí: bí ẹnì kan bá fi ohun rẹ̀ sí ọwọ́ wa, tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí i níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó, tí ohun náà fúnra rẹ̀ kò sì lè sọ̀rọ̀, ṣé dandan ni kí a sọ fún ẹni tí ó ni ín?

Iṣẹ́ kan wà ní àwọn ìlú ńlá tí àwọn ìyá tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lè ṣe nínú ilé wọn. Iṣẹ́ títọ́jú ajá alájá ni. Ẹni tí ó fẹ́ rin ìrìn-àjò, bóyá ó ń lọ sin òkú ní ìlú rẹ̀, tàbí ó ń lọ kí ọmọ rẹ̀ ní òkè òkun, kò lè ti ajá mọ́ ilé fún ọ̀sẹ̀ 2. Yóò mú un lọ sí ilé ẹni tí ó mọ ajá tọ́jú, yóò kó oúnjẹ rẹ̀, àwo rẹ̀ àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ lé onítọ̀hún lọ́wọ́, yóò sì san owó iye ọjọ́ tí ajá náà yóò lò níbẹ̀. Àwọn mìíràn kò rin ìrìn-àjò rárá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n ráyè mú ajá wọn jáde. Wọn a san owó fún ẹni tí yóò máa mú un rìn ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.

Kí a má rò pé àṣà òyìnbó lásán ni èyí. Àwọn ìyá wa ti mọ ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn tipẹ́. Obìnrin tí ó ń ṣòwò ní ìlú ńlá a ra abo ewúrẹ́, a fi í fún ìbátan rẹ̀ ní abúlé pé kí ó bá òun sìn ín. Bí ó bá bímọ, wọn a pín in. Ẹ̀yin náà sì mọ irú ìjà tí ó máa ń ti ibẹ̀ wá. Ẹni tí ń sìn ín a ní, "Ewúrẹ́ yín ti kú o." Ẹni tí ó ni ín a máa rò ó nínú ara rẹ̀ pé, ṣé ó kú ni, àbí wọ́n pa á jẹ? Kò sí ẹlẹ́rìí, ewúrẹ́ kò sì lè rojọ́.

Ní ilẹ̀ England, ìjọba ti fi òfin de iṣẹ́ yìí. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2018, ẹni tí ó bá ń gba ajá alájá sínú ilé rẹ̀ láti fi ṣòwò gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Wọn yóò wá yẹ ilé náà wò, wọn yóò sì fi ìràwọ̀ díwọ̀n rẹ̀, láti 1 dé 5. Ajá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní yàrá tí a lè yà á sọ́tọ̀ sí bí ó bá di dandan. Ó kéré tán, a gbọ́dọ̀ mú un rìn lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, bí ọjọ́ orí àti ìlera rẹ̀ bá ti gbà. Bí a bá fẹ́ kó ajá ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀, àwọn tí ó ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn gbà bẹ́ẹ̀. Òfin mìíràn tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006 sì ka ohun 5 tí ó yẹ kí ẹranko rí gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀: ibùgbé tí ó yẹ, oúnjẹ tí ó yẹ, àyè láti hu ìwà tí a dá mọ́ ọn, kí a mọ̀ bóyá ó yẹ kí ó wà pẹ̀lú ẹranko mìíràn tàbí kí ó dá wà, àti ààbò lọ́wọ́ ìrora, ìpalára àti àìsàn.

Òfin náà dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí aṣojú ìjọba tí yóò tẹ̀ lé ènìyàn lẹ́yìn nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ẹni tí a ní kí ó mú ajá rìn fún wákàtí 1 lè jókòó sí abẹ́ òrùlé kan títí àkókò yóò fi pé, kí ó sì padà wá sọ pé, "A ti rìn dáadáa." Ajá yóò máa ju ìrù. Ta ni yóò já a nírọ́? Àwọn àgbà wa sọ pé ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹni tí ó gbé ajá rẹ̀ fún wa mọ òwe yìí, síbẹ̀ ó fi ojú wa rọ́pò ojú tirẹ̀. Ohun tí ó ń san owó lé lórí gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ìyá kan tí mo mọ̀ ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Nọ́ọ̀sì ni kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ọgbà ilé rẹ̀ fẹ̀, ó sì ní géètì tí ó dára. Ajá aládùúgbò kan ni ó kọ́kọ́ bá wọn tọ́jú nígbà Kérésìmesì. Nígbà tí ó yá, bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ajá 3 tàbí 4 a máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ajá kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀, tí ìyá náà ń kọ ohun tí ó jẹ, bí ó ti yàgbẹ́, àti àkókò tí wọ́n mú un jáde sí. Ọmọkùnrin kan sì ń bá a mú wọn rìn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọmọdé yin báńgà ní òpópónà. Ẹ̀rù ba ajá kan, ó já ara rẹ̀ gbà, okùn ọrùn rẹ̀ bọ́, ó sì sá lọ. Wọ́n wá a kiri. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, ajá náà fúnra rẹ̀ padà dé ẹnu géètì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò, wọn kò rí ẹ̀jẹ̀ kankan. Ẹni tí ó ni ín wà ní Kánádà, ó sì ku ọjọ́ 9 kí ó tó dé. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún wọn. Ajá ṣáà ti dé, kò sí nǹkan tí ó ṣe é."

Nígbà tí àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn náà, a kò fohùn ṣọ̀kan. Àwọn kan ní kò yẹ kí ó sọ rárá. Wọ́n ní ohun tí ó sọnù ti padà, kí ni a tún ń rojọ́ lé lórí? Wọ́n ní ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn kò lè ṣe ohunkóhun sí i, a kàn fẹ́ gba oorun lójú rẹ̀ ni. Ẹnì kan sì sọ èyí tí ó wúwo jù: owó ajá yìí ni ìyá náà fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí pé owó ìfẹ̀yìntì kì í tètè dé, ṣé kí ó wá fi ẹnu ara rẹ̀ ba oúnjẹ ara rẹ̀ jẹ́ ni? Ẹ má pe àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ní ènìyàn burúkú. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó mọ bí ebi ti rí ni. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a fèsì rẹ̀ pẹ̀lú àròjinlẹ̀.

Lọ́nà kìíní, ta ni ó sọ fún wa pé kò sí nǹkan tí ó ṣe ajá náà? Nínú ìṣẹ́jú 40 yẹn, a kò mọ ibi tí ó dé, a kò mọ ajá tí ó bá pàdé. Irun lè bo ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀. Àrùn dìgbòlugi kì í hàn lọ́jọ́ tí ajá bá gbà á. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan kí àmì rẹ̀ tó yọ, bí ó bá sì ti yọ, ikú ni ó máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀, ìbáà ṣe ajá, ìbáà ṣe ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ abo ajá ni, tí ó sì wà ní àkókò tí ó ń wá akọ, oyún ajá kò ju nǹkan bí ọjọ́ 63 lọ. Ilé ẹni tí ó ni ín ni yóò ti máa wú, tí olúwarẹ̀ kò sì ní mọ ibi tí ó ti gbé e wá. Dókítà ẹranko kò lè wo ohun tí a kò sọ fún un. Ajá tí ó ti gba abẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ pàápàá, bí ajá tí a kò mọ̀ bá bù ú jẹ, ó yẹ kí ó tún gba òmíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó dákẹ́ kò fi nǹkan sílẹ̀ bí ó ti wà. Ó gba ìtọ́jú kúrò lẹ́nu ajá náà.

Lọ́nà kejì, ìdájọ́ kì í ṣe tiwa. Ẹni tí ó ni ajá ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé, "Kò burú, ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni ni," tàbí pé, "N kò ní gbé e wá mọ́." Bí a bá fi ọ̀rọ̀ pamọ́, àwa ni a bá a pinnu, lórí ohun tirẹ̀ àti owó tirẹ̀. A ní a kò fẹ́ dà á láàmú. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè, oorun ta ni a ń dáàbò bò gan-an?

Lọ́nà kẹta, ajá kò lè rojọ́. Bí ọmọdé bá ti ilé ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ dé, yóò sọ pé, "Màmá, báyìí ni wọ́n ṣe mí." Ajá kò ní sọ. Àwọn kan rò pé èyí mú ẹrù wa fúyẹ́. Lójú tèmi, òun ni ó mú un wúwo sí i. Òfin Mósè, nínú ìwé Ẹ́kísódù orí 22, sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí ó gba ẹran aládùúgbò rẹ̀ ṣọ́. Bí olè bá jí i lọ́wọ́ rẹ̀, yóò san án. Bí ẹranko igbó bá fà á ya, yóò mú èyí tí ó kù wá fún ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n bí ó bá kú tàbí tí ó fara pa níbi tí kò sí ẹlẹ́rìí, ìbúra níwájú Olúwa ni yóò parí rẹ̀ láàrín àwọn méjèèjì. Ẹ ṣàkíyèsí pé gbogbo òfin yìí dúró lórí ohun kan: pé ẹni tí ń ṣọ́ ẹran yóò la ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ó bá dákẹ́, òfin kò ní ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ lé.

A kò sì lè ti ọ̀rọ̀ náà sí ọmọkùnrin tí ó mú okùn lọ́wọ́. Kì í ṣe òun ni wọ́n gbé ajá fún. Nígbà ayé John Wesley, ẹṣin ni àwọn oníwàásù rẹ̀ ń gùn kiri, ó sì fi í sí ìlànà wọn pé kò tó kí wọ́n máa gun ẹṣin jẹ́jẹ́. Ó ní kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i pé a fọwọ́ ra á lára, pé a fún un ní oúnjẹ, pé a sì tẹ́ ibùsùn fún un. Kò ní kí wọ́n fi í lé ọmọ ilé lọ́wọ́ kí wọ́n sì lọ jókòó.

Èyí kò wí pé kí a máa pe ènìyàn ní òkè òkun nítorí gbogbo nǹkan. Bí ajá bá jẹ oúnjẹ kù, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó tó. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí ó bá kan ara rẹ̀, ààbò rẹ̀, tàbí àdéhùn tí a ṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ohun tí ó yẹ, ẹ pe dókítà. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ àkókò tí ó ṣẹlẹ̀, bí ó ti ṣẹlẹ̀, ohun tí ẹ ti ṣe, àti ohun tí ẹ ó yí padà. Bí ẹni náà bá wà nídìí ìsìnkú, ẹ lè dúró di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí yóò dé.

Ìyá tí mo ń sọ yìí sọ ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí àwa tó mọ ohunkóhun. Inú bí ọkùnrin náà gidigidi. Dókítà ẹranko dé ní ọjọ́ kejì, ó rí ojú eyín ajá mìíràn ní abẹ́ itan, ó sì fún un ní abẹ́rẹ́. Ìyá náà ni ó san owó rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà dé, ó dúpẹ́ pẹ̀lú ojú líle, ó mú ajá rẹ̀ lọ, kò sì gbé e wá mọ́. Aládùúgbò rẹ̀ tí òun mú wá náà kò wá mọ́. Àwọn kan lára wa wí pé, "Ẹ kò rí i bí? Òtítọ́ dọ́jà, ó kù tà."

Mo gbà pé ó kù tà. N kò ní parọ́ fún yín pé oníbàárà 10 ni ó rọ́pò àwọn 2 tí ó lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé nítorí oníbàárà ni a fi ń sọ òtítọ́, ọjọ́ tí òtítọ́ bá ń lé oníbàárà ni a ó jù ú nù. Ajá náà gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ kí ó tó pẹ́ jù. Èrè ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, ajá ni ó sì jẹ ẹ́. Ọmọkùnrin náà sì wà níbẹ̀ nígbà tí màmá gbé fóònù. Mo ti ṣe olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì mọ̀ pé ohun tí ọmọ bá rí lọ́wọ́ àgbà ni ó máa ń pẹ́ lára rẹ̀ ju ohun tí a kọ sójú pátákó lọ.

Ẹ̀yin ìyá mi, ó lè jẹ́ pé kò sí ajá kankan nínú ọgbà yín. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa ń tọ́jú ìkókó tí kò tíì lè sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ wa mìíràn wà ní ìlú òyìnbó tí wọ́n ń ṣe ìtọ́jú àwọn arúgbó tí iyè wọn ti ra, wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé lójoojúmọ́ pé a ti wẹ̀ wọ́n, a ti fún wọn ní oògùn. Bí ìkókó bá já bọ́ lórí ibùsùn, tí ó sunkún díẹ̀ tí ó sì dákẹ́, ṣé a ó sọ fún ìyá rẹ̀ nígbà tí ó bá wá gbé e? Bí oògùn àárọ̀ bá fò wá, kí ni a ó kọ sínú ìwé? Ẹ jẹ́ kí a jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé wa tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù sọ tirẹ̀ láìbẹ̀rù.

Kí Olúwa fún wa ní ẹnu tí yóò lè sọ̀rọ̀ fún àwọn tí kò lè sọ̀rọ̀. Àmín.