Òkun tàbí Òkè: Ohun Tí Ifá Wí fún Ẹni Tó Ń Fẹ̀yìn Tì

Ọmọ Ìdáàṣà tó ti fi ìgbà èwe àti ìgbà àgbà rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Kútọnù, ì báà jẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba, ì báà jẹ́ ní èbúté ọkọ̀ òkun tàbí nínú ọjà Dantokpa, kò lè sá fún ìbéèrè kan ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí: ṣé etí òkun, níbi tí ooru ti ń mú tí afẹ́fẹ́ omi sì ń tù ú, ni òun yóò ti lo ìyókù ayé òun, tàbí kí òun padà sí ẹsẹ̀ àwọn òkè tí wọ́n bí òun sí ní Igbó Ìdáàṣà, ìlú òkè 41, ilé ọmọ Jagun, níbi tí àpáta ti gbé àwọn baba ńlá wa pamọ́ nígbà tí ogun Dàhómì ń kó ènìyàn lẹ́rú? Ọ̀nà kò jìn púpọ̀. Nǹkan bí kìlómítà 200 ni ó wà láàárín wọn, ọkọ̀ tó bá sì jáde ní Kútọnù ní ìdájí yóò ti dé oríta tí ọ̀nà Parakou àti ọ̀nà Savalou ti pínyà kí oòrùn tó kan àtàrí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Àwọn àgbà náà ló sì tún ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, Kútọnù sì ni àwọn ọmọ wà. Nígbà tí òwe bá ń fa ènìyàn sọ́tùn-ún tí òwe ń fà á sósì, ọ̀rọ̀ di ti babaláwo.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí òkun lè tọ́ka sí Ìwòrì Méjì, kí ó ní Ọ̀rúnmìlà pàápàá lọ sí ilé Olókun ní ìgbẹ̀yìn rẹ̀, kò sì padà wálé. Òótọ́ ni pé àwọn awo kan pa ìtàn náà bẹ́ẹ̀, bí àwọn mìíràn tilẹ̀ ní orí ọ̀pẹ ni ó gbà lọ sí ọ̀run. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ka ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ mẹ́jọ ni Baba, ìyẹn Ọ̀rúnmìlà, bí, gbogbo wọn ló di ẹni ńlá, Alárá nínú wọn, Ajerò nínú wọn, títí dé orí Ọlọ́wọ̀ tó jẹ́ àbíkẹ́yìn. Nígbà tí Baba ń ṣe ọdún, ó ránṣẹ́ pè wọ́n, wọ́n ń wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi orí kanlẹ̀, wọ́n ń kí i ní kíkí awo. Àfi Ọlọ́wọ̀ nìkan ló dúró gbọn-in, tó ní ohun ọlá tó wà lára Baba náà ló wà lára òun, òun kò sì ní wólẹ̀. Inú bí Baba, ó fi ilé sílẹ̀ fún wọn. Kò pẹ́ tí òjò fi kọ̀ tí kò rọ̀ mọ́, tí odò ń fà, tí ìrọbí aboyún di ìyọnu, tí oko kò mú ohun kan jáde. Àwọn ọmọ lọ bẹ̀ ẹ́; kò bá wọn padà, ṣùgbọ́n ó fún wọn ní ikin mẹ́rìndínlógún, kí wọ́n lè máa fi bi í léèrè ohun tó bá rú wọn lójú.

Ìbínú ló lé Baba jáde nílé. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí a fi ojú sí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa tó ń yin afẹ́fẹ́ òkun, bí a bá tú ọ̀rọ̀ wọn wò dé ìsàlẹ̀, a ó bá ìjà ilẹ̀ ẹbí nídìí rẹ̀, tàbí ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀gbọ́n là mọ́ àbúrò lórí nígbà ìsìnkú bàbá wọn, tàbí ẹ̀rù àwọn ayé tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí ẹni tó kọ́lé ńlá sí abúlé pẹ́ nínú rẹ̀. Èmi kò kóyán ẹ̀rù yẹn kéré. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Síbẹ̀ Ifá kò fi ohun tí ìbínú náà fà pamọ́ fún wa. Nígbà tí àgbà bá fi ìbínú kúrò nílé, òjò ilé ló bá a lọ. Òjò ọ̀hún ní Ìdáàṣà òde òní sì ni ẹni tó mọ ààlà ilẹ̀ ẹbí láìwo ìwé, ẹni tó lè ka ìwé ìjọba tí wọ́n fi èdè Faransé kọ fún àwọn tó kù nílé, ẹni tí owó ìfẹ̀yìntì ń wọlé fún nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tó yí i ká ṣì ń retí ẹ̀pà àti kajú.

Ilé Olókun pàápàá kò dúró sójú kan. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí èbúté Kútọnù ní 1965, ògiri òkúta tí wọ́n kì bọ inú òkun láti fi dáàbò bo ọkọ̀ dá ìyanrìn tó ń ti ìwọ̀-oòrùn rìn lọ sí ìlà-oòrùn dúró, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etíkun apá ìlà-oòrùn ìlú, ó gbé ilé, ó gbé ojú ọ̀nà, títí tó fi di pé ìjọba ń kó òkúta dí i lọ́nà. Ìdídò Akosombo ní Gánà àti ti Nangbéto lórí odò Mónò, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987, tún há ìyanrìn odò mọ́ ilẹ̀, kò jẹ́ kó dé òkun. Ibi tí ilé bá tilẹ̀ dúró sí, atẹ́gùn iyọ̀ a jẹ páànù, a jẹ ìṣó, a jẹ irin fèrèsé tí yóò fi máa bó lọ́wọ́ bí ìpẹ́ ẹja.

Ṣé òkè ló wá dára nígbà náà? Kò tí ì yá. Ìtàn mìíràn wà nínú Ifá, nípa ọjọ́ tí gbogbo Orí pé jọ láti gbèrò ohun rere tí wọn kò ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀. Èṣù sọ fún wọn pé òun yóò wo bí ìpàdé náà yóò ṣe yọrí, ìpàdé sì tú ká pẹ̀lú ìjà. Ìgbà tí wọ́n wá pe Ẹsẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń gbèrò tó tó bọ̀ sí i. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ fún ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, nítorí orí ni gbogbo wa fi ń ṣírò ìfẹ̀yìntì: iye owó bíríkì, iye ọkọ̀, iye oúnjẹ. Ta ló ń bi ẹsẹ̀? Ẹ wo àgbàlagbà kan bó ti ń sọ̀kalẹ̀ láti ojú àpáta sí ìgboro: yóò yí ẹ̀gbẹ́ kan síwájú, yóò fi ọ̀pá tọ́ ojú òkúta wò, nígbà tó bá sì dé ibi tí òjò ọdún gbọọrọ ti fọ̀ dán, yóò jókòó, yóò fi ìdí wọ́ kọjá, lẹ́yìn náà ni yóò tó tún dìde. Òkè tó ń gun láìmí gúlegúle nígbà ọmọdé nìyẹn. Omi náà tún ń kọ́? Àpáta líle ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wa, wọ́n lè gbẹ́ kànga jìn kí wọ́n má bá omi, ilé tí omi kò bá sì sí, ẹsẹ̀ ní í jìyà rẹ̀. Bí àìsàn ńlá bá dé, ilé ìwòsàn àdúgbò yóò ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe, ṣùgbọ́n Abómè tàbí ilé ìwòsàn ńlá Hubert Koutoukou Maga ní Kútọnù ni wọn yóò gbé aláìsàn lọ, ọ̀nà yẹn kì í sì í kúrú ní òru.

Nítorí náà, èrò tèmi ni pé kí ọmọ Ìdáàṣà wálé, ṣùgbọ́n kí ó wálé nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì lágbára, kí ó kọ́lé sí ìsàlẹ̀ òkè nítòsí ọ̀nà ọkọ̀, kí ó gbẹ́ kànga kí ó rí omi kí ó tó ra bíríkì kan. Nígbà tó bá jókòó níwájú ọpọ́n Ifá, tó mú owó sọ́wọ́, tó ń fi ẹnu jẹ́jẹ́ bá owó náà sọ̀rọ̀, kí ó má tíì dárúkọ òkun, kí ó má tíì dárúkọ òkè. Kí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá ìbínú kan ló ń lé òun. Bí ibò bá fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kí ó lọ bá, kí wọ́n parí rẹ̀, kí ó tó padà wá bi Ifá léèrè ibi tí òun yóò gbé.

Ó lè jẹ́ etí òkun náà ni Ifá yóò yàn fún un, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ àti nítorí àìlera rẹ̀, èmi kò sì rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n Baba kò lọ láìfi ikin sílẹ̀. Kí òun náà pe àwọn àbúrò rẹ̀ jọ ní Ìdáàṣà ní àkókò iṣu tuntun, kí ó kó ìwé ilẹ̀ ẹbí lé ẹni tó mọ̀wé nínú wọn lọ́wọ́, kí gbogbo wọn sì jọ rin ààlà náà já, láti ìdí igi kajú dé ojú àpáta, kí ó tó wọ ọkọ̀ padà sí Kútọnù.