ÀWÒRÁN TÍ Ó WÀ NÍ GBANGBA: TA NI Ó NI Í?

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí àwa tí a mọ̀wé, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, fi sùúrù gbé yẹ̀wò: bí ènìyàn bá fi àwòrán tí ó yà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i, ǹjẹ́ ó ti di ti gbogbo ayé bí? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ a máa dáhùn pé, “Bí kò bá fẹ́ kí a mú un, èé ṣe tí ó fi gbé e síta?”

Ẹ jẹ́ kí a rántí àṣà àwọn bàbá wa. Obìnrin a máa pàtẹ ọjà rẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, a fi òkúta wẹ́wẹ́ ka iye owó rẹ̀ síbẹ̀, a sì bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ń kọjá a mú ọjà, a sì fi owó sílẹ̀. Kò sí ẹni tí í wí pé, nítorí tí ọlọ́jà kò sí nítòsí, ọjà náà kò ní olúwa. Ìpàtẹ kì í ṣe ìtọrẹ.

Àwọn mìíràn a wí pé ẹ̀rọ ni ó ya àwòrán, kì í ṣe ènìyàn. A ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́tipẹ́. Ní 1882 Napoleon Sarony ya àwòrán Oscar Wilde, òǹkọ̀wé nì, ní New York. Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan sì tẹ ẹ̀dà 85,000 láìgba àṣẹ. Ní 1884 ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà dá Sarony láre, nítorí òun ni ó ṣètò ìjókòó, aṣọ àti ìmọ́lẹ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà sìn.

Ní January 2010 ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti. Daniel Morel, ọmọ ilẹ̀ náà, ya àwòrán ìparun ọ̀hún, ó sì fi wọ́n sórí Twitter. Ẹlòmíràn kó wọn, ó pè wọ́n ní tirẹ̀. Lọ́wọ́ ẹni náà ni Agence France-Presse ti mú wọn, tí òun àti Getty Images fi pín wọn káàkiri ayé. Ní 2013 ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní New York ní kí wọ́n san mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́wàá dọ́là ($1,200,000) fún Morel. Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe owó nìkan ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀: a gba orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú.

Èyí kò wí pé kí a ti ìmọ̀ mọ́ inú àpótí. Òfin ilẹ̀ wa ti 2022 fi àyè sílẹ̀ fún ìkẹ́kọ̀ọ́ ti ara ẹni àti fún àríwísí. Láti ọwọ́ Creative Commons, tí a dá sílẹ̀ ní 2001, ọ̀pọ̀ ayàwòrán pẹ̀lú ti fi ọwọ́ ara wọn kọ ohun tí a lè fi iṣẹ́ wọn ṣe: ẹlòmíràn ní kí a ṣáà dárúkọ òun, ẹlòmíràn ní kí a má ṣe tà á. Òkúta wẹ́wẹ́ tiwọn nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a kà á kí a tó mú ọjà. Níbi tí a kò bá rí nǹkan kan kà, kí a béèrè. Dídárúkọ nìkan kò dúró fún àṣẹ.

Kò sí ọlọ́pàá tí ń ṣọ́ àtẹ ẹ̀bá ọ̀nà oko. Ẹni tí ń kọjá ni ó ń ṣọ́ ara rẹ̀.