Òǹtẹ̀ Jẹ́ Ẹ̀rí: Ìwàásù Jímọ̀ fún Ẹni Tí Ń Lu Òǹtẹ̀ àti Ẹni Tí Ń Fọwọ́ Sí Ìwé

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó kọ́ ọmọ ènìyàn ní ohun tí kò mọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. Ẹ̀yin ìjọ Mùsùlùmí, a ń gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú kí a páyà Ọlọ́hun.

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí òǹtẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè wa, Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ni ó ń yan nótárì, láàárín àwọn agbẹjọ́rò nìkan ni ó sì ti ń yàn án. Òṣìṣẹ́ kóòtù tí ń gba ìbúra náà ní òǹtẹ̀ tirẹ̀. Àwọn ni a ń tọ̀ lọ bí a bá fẹ́ búra sí ọjọ́ orí, bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá délẹ̀, tàbí bí ọmọ wa bá ń fi ìwé ránṣẹ́ sí òkè òkun.

Ìbéèrè kan máa ń dojú kọ wọ́n, ó sì ń dojú kọ ẹnikẹ́ni nínú wa tí a bá pè ṣe ẹlẹ́rìí. Ọkùnrin kan gbé ìwé wá. Ìyá rẹ̀ ni ó ni ilẹ̀. Ìyá ti tẹ̀ka sí ìwé nílé, ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò lè wá. Olóǹtẹ̀ mọ ọmọ, ó mọ ìyá, ó sì gbà pé òótọ́ ni ohun tí a kọ. Ǹjẹ́ ó lè lu òǹtẹ̀ pé ìyá fara hàn níwájú òun? Bí ọ̀rọ̀ inú ìwé bá jẹ́ òótọ́, irọ́ wo ni ó kù níbẹ̀?

Èsì wa ni pé irọ́ wà níbẹ̀. Ohun méjì ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń sọ. Èkíní ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ín, òun ni yóò sì dáhùn fún un. Èkejì ni ọ̀rọ̀ olóǹtẹ̀: pé ẹni yìí dúró níwájú òun ní ọjọ́ yìí, ó gbọ́ ohun tí a kọ, ó sì tẹ̀ka lójú òun. Bí èkíní tilẹ̀ jẹ́ òdodo, èkejì ti di ẹ̀rí èké. Àánú kò lè sọ ọ́ di òdodo.

Ẹlòmíràn lè wí pé ní Lánlátẹ̀ níbí a mọ ara wa. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé kì í dúró sí Lánlátẹ̀. A ó gbé e dé Ìbàdàn, dé Àbújá, dé Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ojú ìyá yẹn. A ó tún kà á ní ọgbọ̀n ọdún sí i, nígbà tí ìyá àti olóǹtẹ̀ bá ti dolóògbé, tí àwọn ọmọ-ọmọ sì ń du oko gbágùúdá. Ní ọjọ́ náà, ojú olóǹtẹ̀ nìkan ni ojú tí wọ́n ní. Bí ojú náà kò bá rí nǹkan kan, inú òkùnkùn ni wọ́n wà. Àyè tí òǹtẹ̀ àánú ṣí sílẹ̀ yìí náà ni ọ̀dájú ń gbà wọlé láti gba ilẹ̀ opó àti ti ọmọ òrukàn.

Nínú Súrà Bákárà, áyà 282, tí ó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí a kọ gbèsè tí ó ní àkókò sílẹ̀, kí òǹkọ̀wé ṣe déédéé, kí a wá ẹlẹ́rìí, kí a má sì ni òǹkọ̀wé tàbí ẹlẹ́rìí lára. Ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ ni kí ó sọ ohun tí a ó kọ. Bí ó bá jẹ́ aláìlera, kí alámòójútó rẹ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú òdodo. Ẹ kíyè sí i: Ọlọ́hun fi ọ̀nà sílẹ̀ fún aláìlera. Alámòójútó ni yóò sọ̀rọ̀, ní gbangba, ní orúkọ ara rẹ̀. A kò ní díbọ́n pé aláìlera wá.

Nígbà tí Ànábì ń ka àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí ó tóbi jù, ó fara ti nǹkan. Bí ó ti kan ẹ̀rí èké, ó dìde jókòó, ó sì ń tún un sọ títí àwọn sàábé fi ń fẹ́ kí ó dákẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olóǹtẹ̀, bí ìyá kò bá lè rìn, ẹ dìde lọ bá a nílé. Ẹ wo ìwé ìdánimọ̀ ẹni tí ojú yín kò mọ̀. Ẹ má fi àyè òfìfo sílẹ̀ nínú ìwé, ẹ má sì kọ ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ náà. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 pẹ̀lú béèrè pé bí ẹni tí ń búra kò bá mọ̀wé, tàbí tí kò ríran, kí a kà á tàbí kí a túmọ̀ rẹ̀ fún un níwájú ẹni tí ń gba ìbúra, kí ó sì hàn pé ó yé e. Òfin náà kò gba ìbúra tí a ṣe níwájú agbẹjọ́rò ẹni tí ó fẹ́ lo ìwé náà. Owó iṣẹ́ yín jẹ́ ẹ̀tọ́; owó tí a fi ra ojú yín pé ó rí ohun tí kò rí, hàràámù ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìwé lọ, ẹ má fi ìbátan tàbí ọ̀rẹ́ ti olóǹtẹ̀ sínú ẹ̀ṣẹ̀. Bí ó bá ní kí ẹ padà wá pẹ̀lú ìyá yín, ilé yín ni ó ń dáàbò bò.

Àwọn mọ́láíkà tí ń kọ iṣẹ́ wa kì í kọ ohun tí wọn kò mọ̀. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí òǹtẹ̀ wa rí bẹ́ẹ̀, kí Ó sì má jẹ́ kí ọwọ́ wa jẹ́rìí takò wá ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Àmín.