A Kì í Fi Irọ́ Jẹ́rìí fún Ọlọ́hun

Ìwáàsù Ọjọ́ Jímọ̀, Iyansan, Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá sánmọ̀ àti ilẹ̀, tó sì fi amọ̀ mọ ènìyàn. A tọrọ ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ fún Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun lọ́kùnrin àti lóbìnrin, a gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú ìpayà Ọlọ́hun.

Ohun tó ń da ọkàn àwọn ọmọ wa láàmú ni a fẹ́ sọ lónìí. Ní kíláàsì báyọ́lọ́jì, wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ tí Charles Darwin gbé jáde nínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1859, pé àwọn ẹ̀dá alààyè ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, àti pé wọ́n bá ara wọn tan láti ìpìlẹ̀. Bí wọ́n bá dé ilé kéú, wọ́n á gbọ́ pé erùpẹ̀ ni Ọlọ́hun fi dá Ànábì Ādam. Àwọn mìíràn nínú wọn wá ń rò pé àfi kí àwọn yan ọ̀kan: ilé ìwé tàbí mọ́sáláṣí.

Ìgbàgbọ́ wa kò ní àbùlà: Ọlọ́hun ni Ẹlẹ́dàá ohun gbogbo, Ànábì Ādam sì ni bàbá wa. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun kan náà pa á láṣẹ nínú Súrà Ankabut, ẹsẹ 20, pé kí a rìn lórí ilẹ̀, kí a wo bí Ó ti bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ̀dá. Ó sì kìlọ̀ nínú Súrà Isra, ẹsẹ 36, pé kí a má tẹ̀lé ohun tí a kò ní ìmọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń wádìí kò ṣẹ̀. Ẹni tó ń purọ́ ló ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Ọjọ́ tí Ibrahim ọmọ rẹ̀ kú ní Mẹdínà ni oòrùn ṣókùnkùn. Àwọn ènìyàn ní nítorí ikú ọmọ náà ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ìbá gbé orúkọ rẹ̀ ga, ìbá sì fa ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ ẹ̀sìn. Síbẹ̀, nínú ọ̀fọ̀ ńlá yẹn, ó dìde, ó sì là á yé wọn pé àmì Ọlọ́hun ni oòrùn àti òṣùpá, pé wọn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìyè ẹnikẹ́ni. Bí Ànábì kò bá gba irọ́ tó gbè é, ta ni àwa tí a ó máa fi irọ́ gbèjà ẹ̀sìn?

Nínú àríyànjiyàn yìí, irọ́ ti wá láti ìhà méjèèjì. Lọ́dún 1912 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé agbárí kan jáde ní Piltdown pé ti baba ńlá ènìyàn ni. Lọ́dún 1953 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fúnra wọn tú àṣírí rẹ̀: agbárí ènìyàn ni wọ́n so mọ́ párì orangutan, wọ́n rẹ́ eyín rẹ̀, wọ́n sì pa á láró kó lè dà bí ohun àtijọ́. Ní ìhà kejì, ìwé ńlá kan jáde ní Turkey lọ́dún 2006, Atlas of Creation, tí orúkọ Harun Yahya wà lára rẹ̀. Ó fẹ́ fi hàn pé ẹ̀dá kì í yí padà, ṣùgbọ́n nínú àwòrán kòkòrò tó wà níbẹ̀, àwọn kan jẹ́ ìdẹ àtọwọ́dá tí àwọn apẹja ń lò, tí ìwọ̀ irin ṣì hàn lára wọn. Àwọn tó ń pe ẹ̀sìn wa ní ẹ̀sìn òpè rí ohun fi ṣẹ̀fẹ̀.

Ẹ̀rí kan wà nítòsí wa. Ní Ihò Eléérú lẹ́bàá Isarun, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí, Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ hú egungun ènìyàn jáde lọ́dún 1965. Ó ti lé ní ọdún 11,000. Nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2011, wọ́n rí i pé agbárí náà gùn, ó sì rẹlẹ̀ ju ti ènìyàn òde òní lọ. Orúkọ ihò náà gan-an, tí wọ́n ti ń kọ ní “Iwo Eleru” fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni wọ́n tún padà ṣe àtúnṣe rẹ̀. Egungun yẹn kò sọ pé kò sí Ọlọ́hun. Àwa náà kò gbọdọ̀ pè é ní ayédèrú nítorí pé a kò tíì mọ bí a ó ṣe túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ìdánwò WAEC bá ní kí ẹ ṣàlàyé ohun tí Darwin sọ, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ṣíṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹni kì í ṣe gbígbà á gbọ́. Jíjí ìwé wò nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má fo ẹ̀kọ́ náà, ẹ má sì fi ìgbàgbọ́ ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ má lé ọmọ tó bá béèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń béèrè ṣì wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀yin oníwàásù, ẹ má sọ pé Darwin ní ọ̀bọ tó wà nínú igbó yìí ló bí wa. Ohun tó sọ ni pé àwa àti àwọn ìnàkí jọ ní baba ńlá kan láyé àtijọ́. Ẹ lè kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sọ gan-an ni kí ẹ kọ̀. Súrà Maida, ẹsẹ 8, pa á láṣẹ pé ìkórìíra ìjọ kan kò gbọdọ̀ mú wa ṣàì ṣe déédéé.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tó ṣàǹfààní àti ìgbàgbọ́ tí kò ní mì. Kí Ó pa ahọ́n wa mọ́ kúrò nínú irọ́, kódà èyí tó bá gbè wá. Kí Ó dárí jì wá, kí Ó dárí ji àwọn òbí wa àti gbogbo Mùsùlùmí. Àmín.